Sí Ìdílé Adésànmí Ọ̀ṣúndáre, Ẹni Tí A Fura Sí

Ẹgbẹ́ Awòran Sinimá Ogun,
Newtown, Johannesburg.

Ìyá Rìnsọ́lá wa ọ̀wọ́n,

Ìbànújẹ́ tí ìtìjú dà pọ̀ mọ́ ni ẹgbẹ́ yìí fi gba ìròyìn ikú ọkọ yín, Ẹnjiníà Adésànmí Ọ̀ṣúndáre, tó dá ẹgbẹ́ náà sílẹ̀ ní ọdún mẹ́sàn-án sẹ́yìn.

Kí olóògbé tó kó wa jọ, ariwo ìbọn ni ọ̀pọ̀ nínú wa ń torí rẹ̀ lọ wo sinimá ogun. Òun ló kọ́ wa láti máa wo ojú ọmọ ogun ní ìṣẹ́jú tó ṣáájú ìbọn. Ní ọ̀sán Sátidé kẹta oṣù kọ̀ọ̀kan, yóò dá fíìmù dúró gẹ́lẹ́ níbi tí ọ̀gá ti pàṣẹ tí ẹ̀rí ọkàn sì ń kọ̀. Kálukú yóò kọ ohun tí òun ì bá ṣe sórí ìwé pélébé, láìkọ orúkọ, yóò ká a, yóò jù ú sínú fìlà. Lẹ́yìn náà ni a ó kà wọ́n sókè, tí àríyànjiyàn yóò bẹ̀rẹ̀.

Ìwé kan kì í ní ọ̀rọ̀ nínú. Ọ̀gbẹ́ni Rùfáì, tó ń ta ẹ̀yà ara fóònù ní Turffontein, ló ṣọ́ ọ títí ó fi rí i pé ti olóògbé ni. A mọ̀ pé ó ti ṣe sójà rí nílé, kò sì sọ̀rọ̀ nípa rẹ̀ rí. Láti ọjọ́ náà ni a ti ń fura. Bí ó bá wolẹ̀, a ó wojú ara wa. Bí ó bá rẹ́rìn-ín, a ó bi ara wa léèrè ohun tó ń fi ẹ̀rín bò. "Ẹni tí ọwọ́ ẹ̀ mọ́, kí ló ń ṣe é tí kò lè kọ ọ̀rọ̀ kan?" ni Rùfáì wí. Ní oṣù kẹta ọdún yìí, ìgbìmọ̀ kọ ìwé sí i pé kò gbọdọ̀ darí ìpàdé mọ́ àfi tó bá ṣàlàyé ohun tó ṣe lójú ogun. Ó ka ìwé náà lórí ìdúró. "Ẹ ti dájọ́ tán, ẹ wá ń béèrè ẹjọ́. Ó dáa, shap," ló wí, ó sì lọ. Lílọ tó lọ náà, ẹ̀rí la tún kà á sí. A kò rí i mọ́ títí ó fi kú.

Nígbà tí a wá kí yín nílé yín ní Roodepoort, ẹ gbé ìwé tí wọ́n fi lé e kúrò nínú iṣẹ́ ológun síwájú wa: ó kọ̀ láti yìnbọn sí àwọn ará abúlé kan. Ẹ ṣàlàyé pé ọ̀rẹ́ rẹ̀ ni wọ́n gbé àṣẹ náà fún, pé ọ̀rẹ́ náà yìnbọn, ọkàn ọ̀rẹ́ náà kò sì balẹ̀ mọ́ láti ìgbà náà. Olóògbé gbà pé bí òun bá kọ "N kò ní yìnbọn" sórí ìwé, ọ̀rẹ́ òun ni òun ń yangàn lé lórí. Kàkà kí a tọrọ àforíjì, a gbé ìwé náà sójú fèrèsé, à ń wo òǹtẹ̀ rẹ̀ bóyá ayédèrú ni. "Ẹ wò ó dáadáa o," lẹ wí, "ẹ tún gbọ́ òórùn ẹ̀." Ẹ sì kìlọ̀ pé ẹnikẹ́ni nínú wa kò gbọdọ̀ dé ibi ìsìnkú àyàfi tí a bá fa ìwé oṣù kẹta padà lójú gbogbo ènìyàn.

A jókòó lé e lórí. Àwọn kan sọ pé ìwé kan ṣoṣo kò tó láti fi dá ẹnikẹ́ni láre. Ó lè rí bẹ́ẹ̀; ṣùgbọ́n ó ju ohun tí a ní lọ́wọ́ nígbà tí a dá a lẹ́bi, nítorí pé a kò ní nǹkan kan. Nítorí náà, a fa ìwé oṣù kẹta náà padà. Rùfáì fúnra rẹ̀ ti gbà láti kéde rẹ̀ níwájú pósí lọ́jọ́ Sátidé, bí ẹ bá fàyè gbà á. Iṣẹ́ yòówù tí ìsìnkú bá mú wá, ẹ pè wá. A kò ní béèrè ìdí. Bí ẹ bá sì ní kí a má wọlé, ẹnu géètì ṣọ́ọ̀ṣì ni a ó dúró sí títí ẹ ó fi gbé e jáde.

Kí Ọlọ́run, tó mọ ohun tí olóògbé gbé sínú láìsọ, máa bá yín gbé ìbànújẹ́ yìí lójoojúmọ́. Kí ó ṣe bàbá fún Rìnsọ́lá. Kí ó sì fún yín lágbára láti dárí jì wá, lọ́jọ́ tó bá wù yín.

Túbọ̀sún Olúyẹmí,
Akọ̀wé, lórúkọ ẹgbẹ́.