Káńfọ̀ Inú Àpótí Ilé Yín

Igbein, Abẹ́òkúta.
Ọjọ́ kọkàndínlógún, oṣù kẹjọ, ọdún 1984.

Màmá Láwàlì mi ọ̀wọ́n,

Ẹ kú ilé, ẹ sì kú ewu ọmọ tí Adérónkẹ́ ọmọbìnrin yín bí. Mo bẹ Ọlọ́run kí lẹ́tà yìí bá yín pẹ̀lú ara líle, nítorí mo fẹ́ kí ẹ lágbára tó láti gbọ́ ọ dópin. Mo mọ̀ pé Láwàlì ọmọ yín, ọkọ mi tẹ́lẹ̀, ni yóò kà á sí yín létí bó ti máa ń ka gbogbo lẹ́tà yín. Ìdí tí mo fi kọ ọ́ nìyẹn, tí n kò fẹsẹ̀ ara mi wá.

Ẹ kò lè gbàgbé Mọ́nsúrù ọmọ mi. Ẹ̀yin fúnra yín lẹ ṣí àpótí aṣọ ọmọ tí gbogbo ọmọ-ọmọ yín ń wọ̀, èyí tí òórùn káńfọ̀ inú rẹ̀ máa ń ta síni nímú láti ẹnu ọ̀nà. Ẹ kò sá aṣọ náà rárá tí ẹ fi wọ̀ ọ́ fún un. Kò pẹ́ tí a sọ ọ́ lórúkọ ni ibà pọ́njú dé, a sì sin ín. Ẹ dúró lójúde yín ní Kemta, ẹ ní, “Ìyá rẹ̀ ló jẹ ẹ́. Kó máa lọ sílé bàbá rẹ̀.” Láwàlì wà níbẹ̀, ó ń wolẹ̀. Inú ṣì ń bí mi dòní, n kò ní purọ́.

Àbúrò mi Títílọlá ń kọ́ nípa ẹ̀jẹ̀ ní yunifásítì. Ó ní ohun kan wà nínú ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n ń pè ní ẹ́ńsáìmù. Ó ká wáyà jọ láti fi bó ṣe rí hàn mí, ó fi kòtò kékeré kan sílẹ̀ láàárín, ó sì ti ẹ̀pà kan bọ̀ ọ́. Wáyà náà ni ẹ́ńsáìmù, ẹ̀pà náà ni ṣúgà. Inú kòtò yẹn ni ẹ́ńsáìmù ti ń ṣiṣẹ́ lára ṣúgà, iṣẹ́ yẹn ló sì ń dáàbò bo ẹ̀jẹ̀. Ó wá tẹ wáyà náà díẹ̀, ẹ̀pà kò sì jókòó dáadáa mọ́. Bẹ́ẹ̀ ni tàwọn ọmọ mìíràn ṣe rí látinú oyún. Tí wọ́n bá ti fa káńfọ̀ símú, ẹ̀jẹ̀ wọn á máa fọ́, ojú wọn á pọ́n. Títílọlá kò fi pamọ́ fún mi pé ọ̀dọ̀ ìyá ni ọmọkùnrin ti ń jogún rẹ̀, pé ó wọ́pọ̀ nílẹ̀ wa, ìyá kankan kì í sì í mọ̀ láìyẹ ẹ̀jẹ̀ wò. Mo gbà. Èmi ni mo bí i mọ́ Mọ́nsúrù, ẹ̀yin lẹ gbé káńfọ̀ wọ̀ ọ́.

Nígbà tí mo gbọ́ pé ọkùnrin ni Adérónkẹ́ bí, tí àpótí yẹn sì ti jáde, mo ní kí n dákẹ́. Mo ní kí ẹ̀yin náà tọ́ ikú ọmọ wò. Èrò náà dùn mọ́ mi. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ tí ẹ lé mi, Adérónkẹ́ nìkan ló sunkún tẹ̀ lé mi. Nítorí tirẹ̀, ẹ má jẹ́ kí aṣọ àpótí yẹn kan ọmọ náà lára, kí wọ́n sì yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò ní ọsibítù.

Ọlọ́run yóò dá ọmọ tuntun sí. Yóò fún yín ní ẹ̀mí gígùn, kí ẹ lè máa rántí.

Èmi ni ìyàwó ilé yín tẹ́lẹ̀, ìyá Mọ́nsúrù,
Bùsírátù.

Àfikún: Láwàlì, Títílọlá tó mú lẹ́tà yìí wá mọ gbogbo ohun tó wà nínú rẹ̀, kò sì ní kúrò níwájú rẹ títí o óò fi kà á tán. Má fo ibì kankan. Jáde sí ojúde tí wọ́n ti lé mi, kí o ka ìyókù yìí sókè kí àwọn ará ilé gbọ́: Bùsírátù kò pa ọmọ mi. Mo wà níbẹ̀, mi ò sọ̀rọ̀.