Fáàfù Láàbù Tí Kò Ní Onídùúró

Odile ọmọ mi,

Ṣé dáadáa lo wà ní Boston? Ṣé iṣẹ́ ń lọ, ṣé wọ́n ti tún ẹ̀rọ amúlémóoru rẹ ṣe? Ọlọ́run tó ń yọ́ yìnyín kúrò lójú odò yóò máa bá ọ yọ́ gbogbo ohun tó bá dì mọ́ ọ lọ́nà. Àlàáfíà la wà. Ìyá rẹ ní kí o máa dé fìlà. Màlúù funfun ti bí, akọ ni, ó sì ti jẹ aṣọ ìnura ìyá rẹ kan.

Ọ̀rọ̀ fáàfù ni mo fi jókòó kọ̀wé. O mọ̀ pé fáàfù pọ́ńpù tó ń fa omi dídùn tí à ń sè di ṣúgà lára igi mépù ti là, àárín ìgbà tí omi ń ṣàn gan-an ló sì là. Ojú mi rí màbo. Bí igi bá ti ń rúwé, omi rẹ̀ ò dùn mọ́, ọdún yìí ti lọ lásán nìyẹn. Merle Tatro aládùúgbò wa wá sọ pé yunifásítì kan ń lu àlòkù ohun èlò láàbù wọn ní gbàǹjo lórí kọ̀ǹpútà, fáàfù irin tó dára wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n bí èèyàn bá ṣe bá a ni yóò ṣe gbà á, kò sí onídùúró, kò sí dídá padà. Mo ní bẹ́ẹ̀ náà ni mo ṣe fẹ́ ìyá rẹ.

Merle gbé kọ̀ǹpútà rẹ̀ wá. Mo jókòó lé ọwọ́ mi méjèèjì, torí ní gbàǹjo ọ̀dọ̀ wa, ẹni tó bá họ imú ti ra tírákítọ̀ nìyẹn. Mo kìlọ̀ fún ìyá rẹ kó má mi orí níwájú ẹ̀rọ náà. Ẹnì kan tí a ò rí lójú ń fi owó lé tèmi. Mo fi kún un, òun náà fi kún un. Mo ní alákọrí wo lèyí? Ìyá rẹ ní bóyá pọ́ńpù tiẹ̀ náà ló bàjẹ́. Ọ̀rọ̀ yẹn bà mí lọ́kàn jẹ́. Ìwọ náà mọ̀ pé bí ẹni tí nǹkan le fún bá ń na ọwọ́ ní gbàǹjo, ṣe là ń sọ tiwa kalẹ̀ fún un. Mo ṣí fìlà fún kọ̀ǹpútà, mo ní kí Merle pa á. Ó ní orí mi ti dàrú. Ẹ̀rù ń bà mí.

Àfi bí páálí ṣe dé láti ọ̀dọ̀ rẹ! Fáàfù kan náà ni, àmì pupa yunifásítì ṣì wà lára rẹ̀. Ó ti dì pinpin. Mo rẹ ẹ́ sínú epo, mo pààrọ̀ rọ́bà inú rẹ̀, ó ṣí! Pọ́ńpù bẹ̀rẹ̀ sí í mí, omi ń sáré wọlé, èmi àti ìyá rẹ dì mọ́ra. Ara tù mí, ọmọ mi. Mo sunkún díẹ̀, má sọ fún Merle.

Ìyá rẹ ní o sọ lórí fóònù pé olóríkunkun kan ló bá ọ fà á tó fi wọ́n bẹ́ẹ̀, pé Ọlọ́run ni yóò dá a lẹ́jọ́. Jọ̀wọ́, tètè bẹ Ọlọ́run kó dáwọ́ dúró. Èmi ni.

Fi owó díẹ̀ ránṣẹ́ fún bàtà òjò, ara bàtà tèmi ni mo ti gé rọ́bà tí mo fi sínú fáàfù, ẹsẹ̀ òsì mi sì ń mu omi. Bí o ṣe fi tìrẹ lé tèmi láìmọ̀ pé èmi ni, bẹ́ẹ̀ ni Ọlọ́run yóò máa fi tirẹ̀ lé tìrẹ.

Bàbá rẹ,
Armand Rancourt