Àtẹ́lẹwọ́ Samsoudine

Ajé, 3 oṣù kejì, 2025
Samsoudine fẹ́ gbéyàwó. Èmi ni wọ́n ní kó wá ya fọ́tò wọn! Fawziyyah, ìyàwó, ò mọ̀ mí rí; ó kàn gbọ́ pé ní Savalou níbí, kò sẹ́ni tó mọ ọwọ́ yà tó mi. Bàbá rẹ̀ ní ojú ọmọ òun ò gbọdọ̀ hàn lórí WhatsApp kí wọ́n tó so yìgì. Ọwọ́ nìkan. Mo ní ó dáa.

Ọdún méjì lèmi àti Samsoudine fi fẹ́ra. Ọ̀sẹ̀ tí bẹntiróòlù jó mi lọ́wọ́ ọ̀tún ló já mi sílẹ̀. Ó sọ fún ìyá mi, tẹ̀ríntẹ̀rín, pé òun ò lè jẹun lọ́wọ́ yìí. Ẹ̀rín-ò-dọ́kàn ni mo ń pè é látọjọ́ náà! Ìwọ náà á jẹ ẹ́.

Ìṣẹ́gun, 4
Mo dán ìmọ́lẹ̀ wò. Bó bá tiwájú wá, ọwọ́ á jọ̀lọ̀ bíi tọmọ tuntun. Bó bá gba ẹ̀gbẹ́ fèrèsé wá, kò sí ohun tí á bò. Tẹ̀gbẹ́ ni tìẹ, Samsoudine. Aṣọ dúdú lẹ́yìn.

Ọjọ́bọ̀, 6
Samsoudine bá ìyàwó wọlé, ó rí mi, ẹ̀rín gbẹ lẹ́nu ẹ̀. Nítorí ìyàwó, ó jókòó síbi tí mo fi hàn án.

Mo ní kó la ọwọ́ bí ẹni ń ṣàdúà, kí Fawziyyah na tirẹ̀ sókè rẹ̀. Mo yọ orí, mo yọ èjìká kúrò nínú fọ́tò. Mo ṣí fèrèsé. Háà! Òdòdó laali, ẹ̀ṣọ́ ọwọ́ obìnrin, ní àtẹ́lẹwọ́ ọkọ ìyàwó! Laali tútù ẹlòmíì ló lẹ̀ mọ́ ọn. Ó ti fọ̀ ọ́, ó rò pé ó tán. Ọkùnrin ò mọ̀ pé lẹ́yìn tí wọ́n bá fọ̀ ọ́ tán ló ń pọ́n. Wọn ò sì tíì kun ti Fawziyyah.

Ọwọ́ ọmọ náà rọ̀, kò fura. Òjìji ìka rẹ̀ bọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ òdòdó yẹn. Mo yà á.

Jímọ̀, 7
Mo tẹ̀ ẹ́ jáde, ó fẹ̀ tó ọpọ́n. Èmi fúnra mi ni mo gbé e lọ fún ìyá Fawziyyah. Ó wò ó títí, ó ní laali ta nìyẹn. Mo ní kí wọ́n bi ọkọ ọmọ wọn.

Kílẹ̀ tó ṣú, wọ́n ti dá ẹrù ìdána padà. Inú mi dùn, mi ò purọ́. Mo jẹyán yó. Salimatou àbúrò mi nìkan ni ò bá mi yọ̀ — ó ní orí ń fọ́ òun.

Àbámẹ́ta, 8
Ẹ̀rín-ò-dọ́kàn pè mí lẹ́ẹ̀mẹ́wàá. Mi ò gbé e.

Àìkú, 9
Salimatou kúnlẹ̀ níwájú mi láàárọ̀. Ó yọ ọwọ́ jáde lábẹ́ hìjáàbù. Laali ti kún ọwọ́ òsì, àmọ́ àárín òdòdó ti bàjẹ́, ibi tí ẹnìkan ti dì í mú kó tó gbẹ. Ó ní ó ti tó oṣù mẹ́fà tí àwọn ti ń fẹ́ra. Ó ní Samsoudine ṣèlérí pé òun náà á wọlé bí ìyàwó kejì tó bá yá.

Mo gbé ọwọ́ sókè kí n gbá a létí. Mi ò lè gbá a. Ọmọ ìyá mi ni.

Ìyá Fawziyyah ti dé ilé kejì sí tiwa. Fọ́tò mi ló gbé dání, ó ń ti ojúlé dé ojúlé, ó ń yẹ ọwọ́ gbogbo ọmọge àdúgbò wò.