Èsì Àyẹ̀wò Kẹ́mi Dé Lẹ́yìn Iléyá

                                        Ojúlé Kọkànlá,
                                        Ọ̀nà Ìgàndó,
                                        Ìkòtún, Èkó.
                                        4 Oṣù Kejìlá, 1977.

Matilda, ọ̀rẹ́ mi àtàtà,

Ọjọ́ kọkàndínláàádọ́ta nìyí tí a ti dágbére ní pápákọ̀ òfúrufú. Ṣé ara rẹ le? Òtútù ibẹ̀ ńkọ́? Ṣé ẹ̀kọ́ iṣẹ́ láàbù náà ń lọ déédéé? Bàbá Kẹ́mi ní kí n kí ọ. Kẹ́mi fúnra rẹ̀ kò lè kí ọ mọ́. A sin ín ní ọjọ́ Iléyá. Ọmọ ọdún mẹ́fà.

Ibà ni a pè é. Ìyá Sìdíkátù, ìyàwó onílé wa, kó kápúsù oògùn tó ṣẹ́kù nínú agolo mílíìkì rẹ̀ wá, èmi náà kó tèmi pọ̀ mọ́ ọn. O mọ̀ bí a ti ń ṣe é nínú ilé yìí: ẹni tí ara rẹ̀ bá yá á tọ́jú ìyókù de ẹlòmíì. Ìfẹ́ ni. Mo tú u sínú ẹ̀kọ fún un. Nígbà tí ara rẹ̀ fúyẹ́ lọ́jọ́ kejì, mo dáwọ́ dúró. Dókítà ní irú rẹ̀ ló ń mú kí oògùn má ran kòkòrò mọ́. Èmi olùkọ́! Ẹ̀bi tèmi nìyẹn, mi ò ní fi pamọ́ fún ọ.

Ṣùgbọ́n gbọ́ tiwọn. Ní Ọjọ́rú tó ṣáájú Iléyá, ibà náà padà, a gbé e lọ sí ilé ìwòsàn, wọ́n sì gba ẹ̀jẹ̀ rẹ̀. Nígbà tó di ọjọ́ Ẹtì, kòkòrò ti hù. Wọ́n gbìn ín sínú àwo, wọ́n to bébà kéékèèké tí wọ́n rẹ sínú oríṣiríṣi oògùn lé e lórí. Bébà tí kòkòrò kò bá lè hù yí ká, oògùn rẹ̀ ni yóò pa á. Àárọ̀ Sátidé ló yẹ kí wọ́n kà á. Mo débẹ̀ ní aago méje. Àgádágodo ló wà lẹ́nu ọ̀nà láàbù wọn!

Mo lọ bá Festus, òṣìṣẹ́ láàbù náà, nílé.

“Tíṣà, ó di Ọjọ́rú lẹ́yìn Iléyá o. Kọ́kọ́rọ́ wà lọ́wọ́ ọ̀gá, ọ̀gá sì ti lọ ra àgbò.”

Mo ní, “Kòkòrò inú ọmọ mi ńkọ́? Ṣé òun náà ti lọ ra àgbò?”

“Ẹ má bá mi jà jàre. Ẹ ní sùúrù.”

Sùúrù! Kẹ́mi ní i. Títí di àárọ̀ Iléyá ni wọ́n ń gún un lábẹ́rẹ́, kò ké. Ní Ọjọ́rú ni wọ́n tó fún mi ní ìwé èsì: abẹ́rẹ́ náà kò ran kòkòrò yẹn rárá. Oògùn tó lè pa á wà nínú ilé oògùn wọn níbẹ̀ gan-an! Odindi ọjọ́ mẹ́rin ni ìdáhùn fi wà nínú yàrá tí wọ́n tì pa. Ìlú tí owó epo pọ̀ débi pé ọkọ̀ ń gbára wọn lójú títì kò rówó gba ẹni tí yóò ṣílẹ̀kùn ní Sátidé.

O kọ̀wé pé ẹ̀rọ wà lọ́hùn-ún tó ń dáhùn irú àyẹ̀wò yìí kí ilẹ̀ tó ṣú. Kọ́ ọ dáadáa, kí o sì mú un bọ̀ wálé.

Mo jà títí ọ̀gá ilé ìwòsàn fi gbà kí Festus máa ṣí láàbù ní àárọ̀ Sátidé. Lánàá, ó pẹ́ dé, ó bá mi lẹ́nu ọ̀nà. “Háà! Tíṣà, ẹ tún ti dé!” Ó ṣí i. Ó ka àwo ọmọ kan láti Ayọ̀bọ̀, wọ́n sì pààrọ̀ oògùn ọmọ náà kí ọ̀sán tó pọ́n.

Bá mi kí àwọn tí o wọ̀ sí lọ́dọ̀. Má sunkún jù, jẹun. Ní ti Sátidé, gbogbo rẹ̀ pátá ni màá máa lọ jókòó sẹ́nu ọ̀nà láàbù náà.

                                        Èmi tí í ṣe tìrẹ,
                                        Olútóyìn.