Lẹ́tà Ọkọ Mi Ni Ẹlẹ́pà Fi Di Ẹ̀pà fún Mi

Irọ́ ni mo ń pa fún ìyá ọkọ mi. Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ìyẹn, kí ẹnikẹ́ni má baà rò pé mo wá fi ara mi ṣe ẹni mímọ́ níwájú yín. Ìyá tí ojú wọn ti ń ṣú, tí wọ́n fẹ́ràn mi bí ọmọ tí wọ́n bí, mo jókòó tì wọ́n lórí ẹní, mo gbé pépà sójú, mo sì purọ́ fún wọn lẹ́ẹ̀mẹta láàrin oṣù kan... inú sì ń bí mi. Ẹ̀yin òǹkàwé, mo máa ń ka ọ̀rọ̀ àwọn ẹlòmíràn lójú ìwé ìròyìn yìí, mo máa ń ṣe ṣíọ̀ pé èmi ò lè kó ọ̀rọ̀ ilé mi síta láéláé. Ẹ wò mí lónìí.

Ọ̀dọ̀ bàbá mi ló ti bẹ̀rẹ̀. Ayàwòrán ni wọ́n ní Ọ̀jọ́. Mi ò ní dárúkọ wọn, ṣùgbọ́n àwọn àgbà ibẹ̀ á rántí ọkùnrin gíga kan tó ń gbé kámẹ́rà onípákó sẹ́yìn kẹ̀kẹ́, tó ń ti Ọ̀jọ́ lọ sí Ìbà, tó ń ti Ìbà lọ sí Òkòkómáíkò, nígbà tó jẹ́ pé àgbọn àti igbó ló wà lójú ọ̀nà yẹn, kí katapílà tó wá máa tú ilẹ̀ nítorí títì ńlá tó ń lọ sí Àgbádárìgì yìí. Wọn a ya apẹja tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ra àwọ̀n tuntun, wọn a ya àwọn ìyá tó ń hun ẹní, wọn a ya ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ hu eyín. Ẹni tó bá ní ọmọ tàbí ọkọ lọ́nà jíjìn, tí kò sì mọ̀wé, bàbá mi náà ni yóò bá a kọ lẹ́tà tí yóò bá fọ́tò náà lọ, àdírẹ́sì bàbá mi sì ni èsì ń gbà wọlé. Bí èsì bá dé, wọn a kà á fún olóhun. Ọ̀pọ̀ wọn kì í gbé lẹ́tà lọ sílé, kí ni wọn ó fi ṣe nílé tí kò sẹ́ni tó lè kà á? Wọn a ní, ayàwòrán, ẹ bá mi fi pamọ́, bí àárò ọmọ mi bá tún ń sọ mí n ó wá kí ẹ tún un kà. Báyìí ni àpótí páànù ńlá kan ṣe kún. Gbogbo fọ́tò tí wọ́n yà ni wọ́n fi ẹ̀dà kan sí i, orúkọ àti àdúgbò wà lẹ́yìn rẹ̀. Ní secondary school, wọ́n kọ́ wa ní ìtàn òyìnbó tó ń wá orísun odò kiri, mo sì mọ̀ ọ́n lórí títí di òní. Ta ló kọ ìtàn obìnrin tó ń fún òróró àgbọn ní Ìbà? Inú àpótí yẹn ló wà. Níbẹ̀ nìkan.

Ìyá ọkọ mi wà lára àwọn oníbàárà yẹn. Ìyá Ìbà ni gbogbo wa ń pè wọ́n. Opó ni wọ́n, àgbọn ni wọ́n ń rù kiri, àgbọn yẹn náà ni wọ́n fi rán ọmọ wọn kan ṣoṣo lọ sí kọ́lẹ́ẹ̀jì ní Abẹ́òkúta, níbi tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ti ń sùn sí school. Bí lẹ́tà ọmọ yẹn bá dé, èmi tí mi ò ju ọmọ ọdún mẹ́wàá lọ a sá sẹ́yìn ìlẹ̀kùn máa gbọ́. Bàbá mi a wú ikọ́ díẹ̀, ohùn wọn a rọ̀, wọn a bẹ̀rẹ̀ sí í kà á... ọ̀rọ̀ bí oyin. Ìyá Ìbà a fi etí gèlè nu ojú, wọn a ju ẹ̀là àgbọn kan sí mi, wọn a ní: “Gbà, ọmọ ayàwòrán, jẹ ẹ́, ọkọ rẹ kọ̀wé!” Àwàdà ni wọ́n ń ṣe. Èmi ò gbà á ní àwàdà o. Inú àwọn lẹ́tà yẹn ni mo ti dàgbà. Mo ń sọ lọ́kàn mi pé ọmọkùnrin tó lè bá ìyá rẹ̀ sọ̀rọ̀ báyìí, báwo ni yóò ṣe máa bá ìyàwó rẹ̀ sọ̀rọ̀? Nítorí náà nígbà tó jáde ìwé, tó ríṣẹ́ sí wọ́ọ̀fù ní Àpápá, tó wá sọ pé òun fẹ́ mi, mi ò rò ó lẹ́ẹ̀mejì. Bàbá mi ti ń ṣàìsàn nígbà yẹn. Wọ́n wò mí títí, wọ́n ní ṣé ó dá mi lójú. Mo ní ó dá mi lójú. Wọ́n ní kò burú, bóyá ó ti dàgbà. Bóyá ó ti dàgbà! Mi ò bi wọ́n pé kí ni wọ́n ní lọ́kàn. Kí wọ́n tó kú, wọ́n ní kí n gba àpótí náà, pé kì í ṣe tiwa, ti àwọn olóhun ni, ẹnikẹ́ni tó bá wá béèrè tirẹ̀, kí n fún un.

Èmi náà jẹ̀bi, ẹ máa bá mi wí. Mo gbé àpótí yẹn délé ọkọ, mo tẹ́ aṣọ lé e, mo ń to ìkòkò sórí rẹ̀, ọdún mẹ́rin gbáko mi ò ṣí i. Àárín ìgbà yẹn ni owó dé bá gbogbo ayé. Ẹ kúkú mọ bí Èkó ṣe rí báyìí, ọkọ̀ sìmẹ́ńtì tò lọ lójú omi bí ìjàlọ, ẹni tó bá mọ ọ̀nà ní wọ́ọ̀fù kì í fi ebi sùn. Bàbá Káyọ̀dé, ọkọ mi, mọ ọ̀nà. (Ẹ má bínú pé mi ò fi ọ̀wọ̀ pè é. Láti ọjọ́ ìgbéyàwó ni mo ti ń fi ọ̀wọ̀ pè é, ó ti sú mi.) Ó kọ́lé sí Òkòkómáíkò, ó ra fíríìjì, ó ra tẹlifíṣọ̀n, ó ra rédíógíráàmù kan tó gùn bí pósí. Ó ní àpótí bàbá mi ò ní wọ ilé òun, pé ìdọ̀tí ará oko ló kún inú rẹ̀. Mo ní yóò wọ̀ ọ́, mo sì gbé e sí yàrá ẹ̀yìn. Nígbà tó yá, ara Káyọ̀dé ò yá, mo gbé e lọ sọ́dọ̀ màmá mi ní Ọ̀jọ́ fún ọ̀sẹ̀ méjì. Mo padà dé, àpótí ò sí mọ́. Ó ní ikán ti jẹ gbogbo rẹ̀, òun ti jó o. Ikán! Nínú àpótí páànù! Lórí ilẹ̀ sìmẹ́ńtì! Mi ò gbà á gbọ́, ṣùgbọ́n àárẹ̀ ìtọ́jú ọmọ ò jẹ́ kí n lè jà. Mo kàn sunkún.

Kò pẹ́ sígbà yẹn ni ìyá kan fẹsẹ̀ rìn láti Ọ̀jọ́ wá bá mi. Ọmọ wọn ọkùnrin kú sínú ọ̀sà lọ́jọ́ pípẹ́, bàbá mi nìkan ló ya fọ́tò rẹ̀ rí. Mo sọ fún wọn pé ikán ti jẹ ẹ́. Ẹ gbọ́, ìyá yẹn ò bá mi jà. Wọ́n jókòó sẹ́nu ọ̀nà mi, wọ́n ní: “Kò burú, ìyá Káyọ̀dé. Mo kàn fẹ́ wò ó bóyá imú rẹ̀ ni àbúrò rẹ̀ gbé. Mo ti ń gbàgbé imú rẹ̀.” Wọ́n gbọn aṣọ wọn, wọ́n lọ. Ọ̀rọ̀ imú yẹn ò tíì kúrò létí mi.

Àfi bí mo ṣe dé ibi tí mọ́tò ti ń dúró ní Ìbà lọ́jọ́ kan, tí Káyọ̀dé ń ké pé òun fẹ́ jẹ ẹ̀pà. Mo ra ẹ̀pà, mo tú pépà rẹ̀ fún un... ọwọ́ ìkọ̀wé bàbá mi ni mo rí. Mo dúró gbagidi. Ẹlẹ́pà ní: “Kí ló dé, ìyá Káyọ̀dé, àbí òkúta lẹ bá nínú ẹ̀pà mi?” Mo bi í pé níbo ló ti rí pépà. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní ṣebí ọkọ mi ló fi mọ́tò gbé e wá fún òun lọ́fẹ̀ẹ́, odindi àpótí, òun tiẹ̀ ṣàdúrà fún un pé Ọlọ́run yóò bù kún un. Mo ní àwọn fọ́tò ńkọ́? Ó ní wọ́n le jù, wọn ò ṣeé ká, òun fi wọ́n dáná ẹ̀pà. Ó fi wọ́n dáná ẹ̀pà... Kí ni n ó sọ fún un? Kò mọ̀wé, kò sì jalè. Ọkọ mi tó mọ̀wé ló gbé e fún un! Gbogbo ẹ̀pà tó wà lórí àtẹ rẹ̀ ni mo rà, ó sì kó pépà tó ṣẹ́kù fún mi sínú àpò fúláwà. Nígbà tí mo délé mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ yàrá, mo ń tú wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, àwọn ọmọ ń jẹ ẹ̀pà títí ó fi sú wọn. Ibẹ̀ ni mo ti rí lẹ́tà ọkọ mi.

Ẹ jẹ́ kí n da ohun tó wà lójú rẹ̀ kọ, íńkì búlúù ni, orúkọ rẹ̀ wà nísàlẹ̀: “Màmá, ẹ má gbé ẹsẹ̀ yín wá sí school mi mọ́. Nítorí agbọ̀n àgbọn tí ẹ rù wá sẹ́nu géètì, gbogbo class ló ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Mo ti sọ fún wọn pé arúgbó tó ń ṣiṣẹ́ fún wa nílé ni yín, pé ìyá mi ti kú. Ẹ má fi fọ́tò yín ránṣẹ́ sí mi mọ́.” Mo yí i padà. Pẹ́ńsùlù ni wọ́n fi kọ tẹ̀yìn, ọwọ́ bàbá mi: “Èyí tí mo kà fún un: Màmá mi ọ̀wọ́n, inú mi dùn pé mo rí yín. Ọ̀nà jìn, oòrùn sì ń pa yín, ẹ má da ara yín láàmú láti wá mọ́. Mi ò nílò fọ́tò, ojú yín wà lọ́kàn mi. Bí mo bá parí ìwé, èmi ni n ó máa ru ẹrù yín.”

Mo rántí rẹ̀. Gbogbo rẹ̀ ni mo rántí! Mo wà lẹ́yìn ìlẹ̀kùn lọ́jọ́ náà, mo jẹ àgbọn ọjọ́ náà. Ṣé ó yé yín báyìí? Bàbá mi ń kọ irọ́ wọn sẹ́yìn pépà kí wọ́n má baà ṣì í kà bí Ìyá bá tún padà wá. Ọ̀rọ̀ tí mo tìtorí rẹ̀ fẹ́ ọkùnrin yìí, bàbá mi ló ni ín. Mo bínú sí òkú. Mo dúró sáàárín yàrá, mo ń bá bàbá mi jà bí wèrè, pé ẹ mọ̀, ẹ mọ̀, ẹ sì fi mí fún un.

Mo gbé e ko ọkọ mi lójú. Ẹ̀rù ò tilẹ̀ bà á. Ó ní ọmọdé lòun nígbà náà, pé ta ló ní kí bàbá mi máa kó lẹ́tà onílẹ́tà pamọ́, pé òun ò mọ èyí tó jẹ́ tòun nínú ìdọ̀tí tó pọ̀ tó bẹ́ẹ̀, òun sì mọ̀ pé kò sẹ́ni tó ń ka pépà ẹ̀pà. Nítorí lẹ́tà tirẹ̀, ó kó ti gbogbo ìlú dànù! Ìyá wo ni yóò padà rí imú ọmọ rẹ̀ báyìí? Bí ó bá jẹ́ ọmọdé nígbà náà, kí ló dé tó fi jẹ́ pé nísinsìnyí tí a fẹ́ ṣí ilé, ó ní kí Ìyá jókòó sẹ́yìnkùlé pẹ̀lú àwọn tó ń dáná, nítorí àwọn ọ̀gá rẹ̀ ní wọ́ọ̀fù mọ̀ pé ìyá rẹ̀ ti kú? Ó ti sọ fún wọn pé arúgbó tó tọ́ òun ni Ìyá. Bàbá mi, kò tíì dàgbà o.

Ìyá ò mọ nǹkan kan. Wọ́n ti gbọ́ pé mo rí díẹ̀ nínú lẹ́tà gbà padà, wọ́n ní kí n ka ti ọmọ wọn fún àwọn, bí ayàwòrán ti í kà á. Ẹ̀yìn ni mo kà. Lẹ́ẹ̀mẹta. Ẹ̀ẹ̀kẹta ni wọ́n di ọwọ́ mi mú, wọ́n ní ìyàwó mi, ohun kan ṣoṣo ni mo fẹ́ lọ́wọ́ rẹ. Lọ́jọ́ ìṣílé, dìde láàárín àwọn àlejò, kà á sókè, kí wọ́n mọ irú ọmọ tí mo bí.

Mo ti ṣèlérí. Sátidé tó ń bọ̀ yìí mo ń lọ dá díẹ̀ nínú àwọn lẹ́tà yòókù padà fún àwọn ọmọ olóhun ní Ọ̀jọ́, ìyẹn ò le. Èyí ló le. Bí mo bá ka ojú rẹ̀, ojú yóò ti ọkọ mi títí ayé, ó sì tọ́ sí i, ó dùn mọ́ mi láti máa ronú rẹ̀, mi ò ní purọ́ fún yín. Ṣùgbọ́n Ìyá ni yóò kọ́kọ́ gbọ́ ọ. Bí mo bá ka ẹ̀yìn rẹ̀, àwọn ọ̀gá á mọ̀ pé ìyá rẹ̀ wà láàyè, ṣùgbọ́n òun náà ni wọn yóò pàtẹ́wọ́ fún, yóò fi ọ̀rọ̀ bàbá mi ṣe ọmọ gidi. Ṣé kí n wá dákẹ́, kí n sọ pé lẹ́tà ti sọnù, kí n bá ọkọ mi parí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀?

Ó wà lábẹ́ ìrọ̀rí ọmọ mi bí mo ṣe ń kọ èyí. Òróró ẹ̀pà ti mu ún débi pé bí mo bá gbé e sójú oòrùn, íńkì àti pẹ́ńsùlù ń hàn papọ̀, ọ̀kan lórí èkejì. Ẹ̀yin tí ẹ ní ọmọ, ẹ̀yin tí ẹ ní ìyá, ẹ dá mi lóhùn kíákíá, ìṣílé kù díẹ̀: èwo ni kí n kà fún Ìyá?