Àgbò Ogójì Náírà

Kétu, oṣù kẹta, 1976

Baba Múslímátù,

Ṣé oòrùn Màídúgúrí ò pa yín lára? Àwa wà dáadáa, ojú ò pọ́n wa.

Ogójì náírà tí ẹ fi rán Bùrọ̀dá Sàká sí mi, àgbò ni wọ́n fi rà. Oṣù mẹ́rin gbáko ni owó yẹn ì bá san fún Mísíìsì tó ń kọ́ ọmọ wa ní ọ̀rọ̀ sísọ ní Anthony. Ẹ̀gbọ́n yín ní, "Sàárà ló máa mú un sọ̀rọ̀, kì í ṣe obìnrin tó ń fi bisikíìtì tan ọmọ ọlọ́mọ." Àfáà méje jẹ, wọ́n mu. Bí wọ́n ṣe ń pariwo "Àmín", ọmọ yín dí etí, ó kó sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, kò jáde títí ilẹ̀ fi ṣú.

Ó ti ń sọ "omi" bí òùngbẹ bá ń gbẹ ẹ́. Mísíìsì ní bí a bá dá a dúró, á gbàgbé. A ò dá a dúró. Ẹ má bèèrè aṣọ òfì mi.

Orúkọ èmi ni kí ẹ máa fi owó ránṣẹ́ sí ní pósítọ́fíìsì. Mo mọ̀ ọ́n kọ.

Múslímátù ò tíì lè kí èèyàn, mo bá a kí yín. Bùrọ̀dá Sàká náà kí yín. Wọ́n ní àgbò yẹn sanra.

Èmi ni,
Àṣàbí