Ẹ̀yìn Àbíkẹ́yìn

Màámi,

Ẹ kú àárò ọmọ. Ẹ má mikàn, ara mi le. Olùkọ́ gan-an jẹ́rìí sí i lánàá. Ó tẹ ẹ̀yìn mi níwájú gbogbo kíláàsì, ó ní, "Ara ẹni yìí mà le o! Ẹ wá fọwọ́ kàn án." Ni àwọn nọ́ọ̀sì tó ń kọ́ bí wọ́n ṣe ń fọwọ́ tọ́jú ẹ̀yìn ríro bá tò sídìí bẹ́ẹ̀dì mi.

Ẹ máa sọ fún àwọn ará ilé pé iléèwé ni mo wà. Kì í kúkú ṣe irọ́. Àwọn yòókù ń fọwọ́ kọ́ṣẹ́, èmi ń fẹ̀yìn kọ́ ọ, wọn ò sì lè bẹ̀rẹ̀ láìsí mi.

Ẹ bá mi kí Bàámi. Tí mo bá délé, ẹ ó ṣáà dùbúlẹ̀ ni, kí n rọra bá yín tẹ ẹ̀yìn tí ẹ fi pọ̀n mí.

Èmi ni,
Àbíkẹ́yìn yín.